Ẹ bá mi dá sí i: ọmọ ọdún 2 àti ọmọ ọdún 5 ní ilé oúnjẹ olówó ńlá inú ọkọ̀ kúrúùsì

ÌyáTiwa_Houston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Bàbá ọkọ mi máa pé ẹni 70 ọdún lóṣù Kejìlá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ pátì, wọn ò fẹ́ họ́ọ̀lù, wọn ò fẹ́ aṣọ ẹbí, orí omi làwọn fẹ́ wà. La bá sanwó kúrúùsì ọlọ́jọ́ 7 ti Royal Caribbean láti Galveston, gbogbo wa pátá là ń lọ, bàbá àti màmá, èmi àti ọkọ mi, àbúrò ọkọ mi obìnrin, pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 5, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 2. Wàyí o, ọkọ mi ti lọ gba àyè fún gbogbo wa ní ilé sítéèkì tí wọ́n ń pè ní Chops Grille fún alẹ́ ọjọ́ ìbí yẹn gan-an, aago mẹ́jọ alẹ́! Aago mẹ́jọ, pẹ̀lú ọmọ ọdún 2! Mo ní ṣé ó mọ ọmọ tó bí ṣá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí àbíkẹ́yìn mi yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ̀ pé kì í jókòó, ká tó gbàdúrà sóúnjẹ tán ó ti wà lábẹ́ tábìlì ẹni ẹlẹ́ni.

Ṣé kí n mú wọn lọ ni, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ, àbí kí n kúkú jókòó sí yàrá kí àwọn yòókù lọ jẹun? Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò wá bíi pé a wá tú ilé wọn ká, mi ò sì fẹ́ kí bàbá ṣọjọ́ ìbí kí ọmọ-ọmọ wọn má sí níbẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i jàre.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Aago mẹ́jọ kẹ̀? Ọkọ yín ò fẹ́ràn ara ẹ̀ 😂

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ yí aago yẹn padà, ẹ má tíì ronú ẹni tó máa lọ àti ẹni tí ò ní lọ. Àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ń sanwó lọ́tọ̀ fún wọ̀nyẹn, bíi aago márùn-ún, márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá bá àwọn tó kọ́kọ́ wọlé wọlé, tábìlì á ṣófo yí yín ká, ọwọ́ wéítà ò ní tíì dí, ẹni tó máa bínú sí ariwo ọmọ ṣì wà ní yàrá tó ń múra. Láago mẹ́jọ ńkọ́? Gbogbo tọkọtaya tó fi ọmọ tiwọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ló máa wà níbẹ̀, wọn ò sanwó kí wọ́n wá gbọ́ igbe ọmọ ẹlòmíì, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Lójú tèmi o, ilé oúnjẹ kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́, oorun ni. Ọmọ tí oorun bá ti ń kùn, ààfin Aláàfin lẹ ì báà gbé e lọ, á ké.

Èyí tó tún wá dáa jù ni ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò bá dúró síbì kankan, Chops máa ń ṣí lọ́sàn-án nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn, ẹran kan náà, ilé ìdáná kan náà, owó ẹ̀ sì kéré sí ti alẹ́. Kò sẹ́ni tó wọ kóòtù, àwọn èèyàn ò pọ̀ torí wọ́n ti lọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìwẹ̀, ọmọ ti jí sáká, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa jẹun tán tí ẹ máa gbé e lọ fún oorun ọ̀sán. Èmi ò tún jẹun alẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mọ́, ọ̀sán ni tiwa.

ÌyáTiwa_Houston

Ọ̀sán! Mi ò tiẹ̀ ronú débẹ̀ rárá. Ẹ ṣé gan. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ọ̀sán ò jọ ọjọ́ ìbí 70 ọdún.

MàmáÌbejì_Maryland

Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ ìbí tí bàbá fi gbọ́ ohùn ara wọn lórí tábìlì ló jọ ọjọ́ ìbí 😂

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó ṣe pàtàkì ṣá, torí àwọn tó máa ka èyí lẹ́yìn wa: ẹ wo òfin ọjọ́ orí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Disney tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọkọ̀ ọmọdé, àwọn gan-an ló le jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, Palo àti Remy tó jẹ́ ilé oúnjẹ ńlá wọn, ọmọ ọdún 18 sókè nìkan ni, ẹ ì báà bẹ̀ wọ́n títí, ọmọ ò wọ̀ ọ́. Ó sì nídìí. Ní Remy, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ Faransé wá, wákàtí méjì mẹ́ta lèèyàn fi ń jókòó síbẹ̀, kí lọmọdé fẹ́ bá wọn ṣe níbẹ̀? Ẹ̀rín tó wá pa mí níbẹ̀ ni pé eku inú fíìmù àwọn ọmọdé ni wọ́n fi sọ ilé oúnjẹ náà lórúkọ.

Ṣùgbọ́n wọn ò fi yín sílẹ̀ lásán. Ọmọ ọdún 3 sókè á lọ sí Oceaneer Club, ibi eré ọmọdé wọn, láìsanwó, èyí tó kéré sí ìyẹn, láti oṣù 6, nọ́sìrì wà fún un, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń gba owó tiẹ̀. Ní ti ilé oúnjẹ tó wà nínú owó ọkọ̀, mẹ́ta ni wọ́n ń gbé yín yípo láàárín wọn lálaalẹ́, àwọn wéítà yín á máa tẹ̀ lé yín láti ọ̀kan dé èkejì. Kó tó di alẹ́ kẹta, wéítà wa ti mọ̀ pé Táíwò kì í jẹ nǹkan tó bá kan ara wọn nínú abọ́, ó ti ń bá a pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó gbé e dé. Èmi ò sọ fún un o.

Ẹ_Jẹ́_Kí_N_Sinmi

Èmi máa sọ òdodo, ẹ máa bínú sí mi. Ọmọ ọdún 2 ò ní nǹkan tó ń ṣe ní ilé sítéèkì. Kò lè jẹ sítéèkì, kò mọ ọjọ́ ìbí, ṣípìsì ló máa jẹ, ìṣẹ́jú márùn-ún ló sì máa fi jẹ ẹ́. Ẹ máa wá lo gbogbo wákàtí tó kù láti máa rọ̀ ọ́ kó jókòó. Owó ńlá lẹ san, ẹ ò ní rántí adùn ẹran tẹ́ ẹ jẹ. Ẹ fi ọmọ sí nọ́sìrì, ẹ lọ jẹun bí èèyàn. Ìdí tí ilé iṣẹ́ kan bíi Virgin Voyages fi sọ pé ọmọ ọdún 18 sókè nìkan làwọn ń gbé nìyẹn, àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń sanwó nítorí àtisinmi.

Alàgbà_Peckham

Ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí o, Ọlọ́run á jẹ́ kí bàbá ṣe púpọ̀ sí i láyé. Ọmọ mi Ẹ_Jẹ́_Kí_N_Sinmi, èrò rẹ ò burú, ṣùgbọ́n má gbàgbé pé àwọn àgbà ò rí ọmọ-ọmọ wọn lójoojúmọ́ níbi tí a wà yìí. Houston làwọn kan wà, Ìbàdàn làwọn kan wà, Kent làwọn mìíràn wà. Ìgbà tí gbogbo wọn bá jọ wà lórí tábìlì kan, wọn ò wo ti sítéèkì. Ọmọdé kì í mẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, a mọ̀, a ò torí ẹ̀ ní kó lọ jẹun lẹ́yìnkùlé.

Láti Southampton làwa ti ń wọkọ̀, ti ilé iṣẹ́ P&O. Ẹ fiyè sí i, ẹ̀yin ará London, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ wọn ló ń gbé ọmọdé: Arcadia àti Aurora, àgbà nìkan. Iona, Arvia, Britannia, Ventura àti Azura ni ẹ lè mú ọmọ wọ̀. Nǹkan tó mú mi dúró ti P&O ni yàrá tí ọmọ ń sùn sí lálẹ́, Night Nursery ni wọ́n ń pè é. Ọmọ láti oṣù 6 títí dé ọdún 4 lẹ máa gbé lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jẹun tó ti wẹ̀, á sùn síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á máa ṣọ́ ọ, ẹ ò san kọ́bọ̀. Oúnjẹ ọmọdé nìkan tún wà nírọ̀lẹ́, kí àwọn àgbà tó jẹun. Ohun tí ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ wá ń ṣe ni pé àwọn ọmọ á jẹun tiwọn, wọ́n á wá bá wa jókòó díẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á mu àìsìkiriìmù, ìyàwó mi á bá wọn ya fọ́tò tí kò ní tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ sùn, a ó wá jókòó jẹun ní Sindhu. Ilé oúnjẹ India ni Sindhu, ibẹ̀ ni ahọ́n wa ti máa ń rí ata díẹ̀, torí oúnjẹ inú ọkọ̀ yòókù, ká má parọ́, ó tẹ́ lẹ́nu.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Bàbá ẹ káàbọ̀ sáà. "Ó tẹ́ lẹ́nu" 😂😂 Ìyá mi gbé ata gígún wọ ọkọ̀ nínú pọ́ọ̀sì, lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo èèyàn wọ kóòtù, wọ́n yọ ọ́ jáde wọ́n wọ́n ọn sórí sítéèkì.

Wéítà_Tẹ́lẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo ní kí n dá sí i torí mo ṣe wéítà nínú ọkọ̀ kúrúùsì kí n tó wá jókòó sí Canada, mi ò ní sọ ilé iṣẹ́ wo. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lápá ọ̀dọ̀ wa.

Àkọ́kọ́, wéítà ò kórìíra ọmọdé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún yín, ọmọ tiwọn wà nílé ní Philippines tàbí India tàbí Indonesia, oṣù mẹ́fà, mẹ́jọ, wọn ò tíì rí i. Wọ́n máa ń fẹ́ bá ọmọ yín ṣeré gan-an ni. Ohun tí àwa ń bẹ̀rù ni kí ọmọ máa sáré láàárín tábìlì. Ẹ wò ó, ní gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá, tíréè tí wéítà gbé léjìká, abọ́ gbígbóná ló kún inú ẹ̀, ó ń rìn kíá, kò rí nǹkan tó wà nísàlẹ̀ ìgbáròkó ẹ̀, ọkọ̀ sì ń mì. Bí ọmọ bá já lu ẹsẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n máa bá yín wí nìkan, ọmọ lè jó. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé kí ọmọ jókòó nìyẹn, kì í ṣe ìgbéraga.

Kò sí pé ẹ ń dúró kí gbogbo èèyàn wo ìwé oúnjẹ tán kẹ́ ẹ tó sọ ti ọmọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó báyìí, kẹ́ ẹ tó paṣẹ omi pàápàá, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ọmọ kọ́kọ́ máa bọ̀." Ilé ìdáná mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, oúnjẹ ọmọ á bá ìpápánu àwọn àgbà dé. Ìgbà tí ẹran tiyín bá fi máa dé, ọmọ ti yó, nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá yọ kíréyọ̀nù jáde. Àwọn tó ń yọ kíréyọ̀nù àti gbogbo ohun ìṣeré jáde bí wọ́n bá ṣe jókòó, kí oúnjẹ tó dé gbogbo ẹ̀ ti sú ọmọ, kò wá sóhun tó kù lọ́wọ́ wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni búrẹ́dì o. Tí wọ́n bá gbé búrẹ́dì wá tí ẹ jẹ́ kí ọmọ fi yó, á wá wo oúnjẹ bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ bèèrè tábìlì tó wà lẹ́bàá ògiri tàbí lójú fèrèsé, ẹ gbé ọmọ sí ọwọ́ ibi tí èèyàn ò gbà kọjá. Ẹ sọ ti àga gíga nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba àyè, kì í pọ̀ ní àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké. Kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n kó ọ̀bẹ sítéèkì àti gíláàsì wáìnì tó wà níwájú ọmọ kúrò kí ẹ tó jókòó, ojoojúmọ́ ni mo ń rí ìyá tó ń fọwọ́ kan jẹun tó ń fọwọ́ kejì gba ọ̀bẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń mì yẹn tún wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá sábà máa ń wà nísàlẹ̀, ilé sítéèkì lè wà lókè. Òkè ló ń mì jù. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ wọkọ̀ tí inú ẹ̀ ń rú, ẹ má gbé e lọ sókè lọ jẹ ọ̀rá lálẹ́ ọjọ́ kejì.

ÌyáTiwa_Houston

Ẹ̀gbọ́n Wéítà, Ọlọ́run á bù kún yín. Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa kíréyọ̀nù yẹn, àṣe bẹ́ẹ̀ ni! Bí mo ṣe máa ń jókòó ni mo máa ń tú gbogbo báàgì jáde.

Ìbéèrè mi ni ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n gbé e lọ?

MàmáÌbejì_Maryland

Ẹ gbé e o. Ẹ pa ohùn ẹ̀, ẹ ti kó eré sínú ẹ̀ láti ilé torí íńtánẹ́ẹ̀tì orí omi owó ni. Ìgbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá kùnà lẹ máa yọ ọ́.

ÌyáÀgbà_Ìkòròdú

Ẹ má bínú sí mi ẹ̀yin ọmọ mi, èmi lòdì sí ẹ̀rọ lórí tábìlì. Ìgbà tí mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ tuntun ní Texas, gbogbo ilé oúnjẹ tí a bá wọ̀, ọmọdé ń wo ẹ̀rọ, ìyá ń wo ẹ̀rọ, bàbá ń wo ẹ̀rọ, wéítà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lórí oúnjẹ? Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èèyàn kì í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu? Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ìyá Tiwa, oṣù Kejìlá ṣì jìnnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ tẹ́ tábìlì nílé lọ́jọ́ Sunday, ẹ jọ jókòó, kí ẹni ọdún 5 máa sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé omi." Tó bá mọ́ ọn lára nílé, kò ní ṣàjèjì lórí omi. Ẹni ọdún 2 yẹn, ìyẹn ò tíì mọ nǹkan kan, ẹ máa pọ̀n ọ́n jàre.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Ẹ pọ̀n ọ́n nínú Chops Grille, mo kú o 😂😂😂

ÌyáÀgbà_Ìkòròdú

Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ìwọ náà, ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́ sí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀, á sùn.

Nọ́ọ̀sì_Dallas

Ẹ̀rín ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ màmá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ, àwọn òyìnbó náà ń so ọmọ mọ́ra wọn wọ ibẹ̀, kò séèyàn tó ń wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tèmi kúrú. Bí ọmọ bá ní nǹkan tí ara ẹ̀ ò gbà, ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì, edé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí áàpù nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba àyè, kẹ́ ẹ tún fẹnu sọ ọ́ fún olórí àwọn wéítà, kì í ṣe fún ẹni tó ń gbé omi. Nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá, olórí wéítà á fi oúnjẹ ọ̀la hàn yín lálẹ́ òní kí ilé ìdáná lè ṣe ti ọmọ yín lọ́tọ̀. Ẹ má bu oúnjẹ fún un níbi búfẹ́ẹ̀, ṣíbí kan náà ni gbogbo èèyàn fi ń bù látinú abọ́ kan bọ́ sí òmíì. Kí ẹ sì fọ ọwọ́ ọmọ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi kó tó jẹun, gẹ́ẹ̀lì ọwọ́ nìkan ò tó fún àrùn inú rírun tí wọ́n ń pè ní norovirus tó máa ń ran nínú ọkọ̀.

Fún ẹni tí ọmọ ẹ̀ kéré gan-an, ẹ lè ní kí wọ́n bá yín lọ ẹ̀fọ́ tàbí ẹran kúnná, wọ́n máa ń ṣe é. Oúnjẹ ọmọ tó wà nínú agolo tàbí páálí tí wọn ò tíì ṣí, ẹ lè gbé e wọkọ̀. Èyí tẹ́ ẹ sè nílé, wọn ò ní gbà á. Ẹ má gbé kúlà ọ̀fadà dé Galveston o.

Ìyàwó_Alága

Èyí tó wà lọ́kàn mi ni aṣọ. Ṣé a lè wọ aṣọ wa? Mi ò fẹ́ ra gáùnù.

Alàgbà_Peckham

Ẹ wọ aṣọ yín. Nínú ọkọ̀ Cunard, bíi Queen Mary 2, tó jẹ́ pé àwọn ló ń múra jù, inú ìwé òfin aṣọ wọn ló wà pé aṣọ ìbílẹ̀ èèyàn tó bá jẹ́ ti òde ń dúró fún kóòtù alẹ́. Mo wọ agbádá aṣọ òkè, ìyàwó mi wé gèlè, fọ́tò tí àwọn èrò ọkọ̀ bá wa yà ju èyí tí wọ́n bá ọ̀gá ọkọ̀ yà lọ. Fún ọmọdé, bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá tó rọ̀ dáa ju kóòtù kékeré tó ń há a lọ́rùn. Ẹ mú ẹyọ kan dání sí i. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tòmátò ń bọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Ìyá Tiwa. Ọ̀nà àbáyọ tèmi nìyí, kí ọkọ wọn náà lè yọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ ìbí gan-an, ẹ jẹun ní gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá, ìjókòó àkọ́kọ́ ti ìrọ̀lẹ́, owó ẹ̀ ti wà nínú ohun tẹ́ ẹ san. Ẹ sọ fún olórí wéítà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ pé ọjọ́ ìbí 70 ọdún ni, wọ́n á gbé kéèkì wá, gbogbo wéítà á wá pagbo kọrin, àwọn ọmọ yín á pàtẹ́wọ́, ariwo tiwọn ò ní hàn nínú ariwo yẹn. Ètò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní My Family Time Dining, ẹ bèèrè bóyá ọkọ̀ yín ń ṣe é: wọ́n á tètè gbé oúnjẹ ọmọ wá, bíi ogójì ìṣẹ́jú ló fi máa jẹ ẹ́ tán, àwọn òṣìṣẹ́ Adventure Ocean á wá mú ọmọ ọdún 3 sókè látorí tábìlì lọ síbi eré, ẹ̀yin á máa bá oúnjẹ lọ. Kò gbọdọ̀ máa wọ pampers mọ́ o. Tiwa, ẹni ọdún 5, á rí lọ, èyí kékeré ò ní rí lọ. Tiẹ̀ ni nọ́sìrì, oṣù 6 sí oṣù 36, owó ni, wákàtí wákàtí, àyè ibẹ̀ ò sì pọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti lọ gbà á.

Chops wá, ẹ gbé e sí ọ̀sán ọjọ́ orí omi. Láti Galveston, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ tó gbẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ orí omi torí Mexico jìnnà. Ẹ má mú ọjọ́ kejì, ọmọ ò tíì mọ ọkọ̀, òun náà ló sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń múra lálẹ́, oúnjẹ á pọ̀ jù. Ẹ mú ti ìgbẹ̀yìn. Ti owó, ọmọ ọdún 5 sísàlẹ̀ kì í sanwó níbẹ̀, 6 sí 12 ń san díẹ̀, oúnjẹ ọmọdé lẹ máa bá lórí ìwé wọn, makaróònì, adìyẹ, ṣípìsì. Àmọ́ ẹ wò ó lórí áàpù kí ó tó dọjọ́, wọ́n máa ń yí nǹkan padà.

MàmáÌbejì_Maryland

Ó dáa gan-an. Tí ọkọ̀ yín bá ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Wonderland, ẹ mú ẹni ọdún 5 lọ síbẹ̀ ju Chops lọ. Ìwé oúnjẹ wọn, òfìfo ni wọ́n máa gbé fún un, á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, á fi kùn ún, ọ̀rọ̀ á wá máa yọ jáde. Ó máa gbàgbé pé ebi ń pa òun. Oúnjẹ ibẹ̀ ṣàjèjì o, wọ́n ń fi èéfín bo ẹyin, bàbá ẹni 70 ọdún lè ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú àwọn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Celebrity náà ní tiwọn, Le Petit Chef, wọ́n á fi iná yàwòrán sórí tábìlì, alásè kékeré kan tó ga bí ìka á jáde láti abẹ́ abọ́, á máa sè oúnjẹ lójú ọmọ, lẹ́yìn ẹ̀ ni oúnjẹ tòótọ́ á dé. Wọ́n ní oúnjẹ ọmọdé lọ́tọ̀ níbẹ̀.

Ẹ_Jẹ́_Kí_N_Sinmi

Ó dáa, mo gbà fún ọ̀sán. Lọ́sàn-án, èmi náà ò ní bínú. Ẹ kàn má jẹ́ kó wà lábẹ́ tábìlì mi.

Wéítà_Tẹ́lẹ̀

😂 Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, ti jíjáde. Tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ má jókòó máa bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan gbé e jáde sí ọ̀nà títí á fi dákẹ́, ẹ ti pín in láti ilé ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde àti ẹni tó máa jáde tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìyá nìkan. Wéítà á fi nǹkan bo oúnjẹ yín tàbí kó dá a padà sínú ooru, ẹ ṣá sọ fún un. Mo rí tọkọtaya kan, ọkọ jẹ sítéèkì tiẹ̀ tán, ó jẹ ti ìyàwó, ìyàwó ṣì wà níta pẹ̀lú ọmọ. Ojú mi ló rí i.

Tẹ́ ẹ bá sì ti dìde lórí tábìlì, tí ilẹ̀ bá kún fún ìrẹsì àti ṣípìsì, ẹ má fọwọ́ ṣa gbogbo ẹ̀, ẹ kó èyí tó tóbi, ẹ fi ẹyọ dọ́là díẹ̀ lé owó iṣẹ́ tí wọ́n ti yọ. Wọ́n á rántí yín lọ́la, tábìlì tó dáa lẹ máa bá.

ÌyáTiwa_Houston

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé, ẹ ò ní ṣìnà. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ọkọ mi, ó kọ́kọ́ dákẹ́, nígbà tó dé ibi ọkọ tó jẹ sítéèkì ìyàwó ẹ̀, ó ní òun kọ́ nìyẹn 😂. Ó ti gbà. Gbọ̀ngàn ńlá lálẹ́ ọjọ́ ìbí, Chops lọ́sàn-án ọjọ́ orí omi tó gbẹ̀yìn, àbúrò ọkọ mi ló máa kọ́kọ́ gbé ọmọ jáde, ọkọ mi lẹnì kejì, èmi lẹnì kẹta. Bàbá fúnra wọn ti ní kí n di agbádá aláàárì wọn sínú àpótí.

Ìkan ló kù: aago mẹ́jọ tó gbà tẹ́lẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó lè fà á padà láìsanwó?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Kó fà á padà lónìí lórí áàpù, ọjọ́ ṣì jìnnà, wọ́n á dá owó ẹ̀ padà. Wọn kì í dá a padà tẹ́ ẹ bá dúró di ọjọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gba ọ̀sán kó tó fagi lé alẹ́, kí ti ọ̀sán má lọ ti kún.